Kóòtù Tó Jókòó Dípò Aṣòfin

Inú rírun! O tún la ẹnu, o ní inú ló ń run ọ́. Nínú gbogbo irọ́ tó wà láyé tí ọmọ ìyá mi lè pa fún mi, èyí tí ọmọ iléèwé fi ń sá fún ìṣirò lo rí mú wá. Jókòó. Má jókòó sórí àga yẹn, àga àlejò nìyẹn, ìwọ kì í ṣe àlejò, ká ní àlejò ni ọ́ ni, ǹ bá rẹ́rìn-ín músẹ́, ǹ bá gbé omi fún ọ, ǹ bá sì ní kí o máa lọ ní àlàáfíà. Fa àpótí yẹn mọ́ra, kí o jókòó síbi tí mo ti lè rí ojú rẹ. Kí o sì pa fóònù yẹn. Ẹni tó bá ń wá aṣòfin lónìí, kó lọ wá a sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ṣebí ibẹ̀ ló máa ń wà tí iṣẹ́ bá dé.

Rárá, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n sanwó fún ọ láti sọ̀rọ̀, o ò sọ ọ́. Èmi tí wọn ò sanwó fún ni màá sọ̀rọ̀ lónìí.

Ṣé o rántí ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ ìdìbò yẹn? Nínú ilé ìdáná mi yìí náà ni. O jẹun tán, o nà gbalaja sórí àga, bàtà rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà, inú mi dùn tí mo rí i níbẹ̀, mo ní àbúrò mi ò tíì di ẹni tí ń wọ bàtà wọ ilé mi. Mo wá bi ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí èèyàn ṣe ń bi dókítà léèrè ọ̀rọ̀ tó ń bà á lẹ́rù, mo ní àbá òfin owó-orí àwọn ọlọ́rọ̀ yìí, ṣé ó máa wọlé? O bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. O ní ẹni tí dúkìá rẹ̀ bá ti kọjá ohun tí ojú lè wò tán, yóò máa fi ìwọ̀nba kún owó-orí rẹ̀ lọ́dọọdún, àpò àwọn òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì nìkan ni owó náà yóò máa wọ̀, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án fún nǹkan mìíràn. Mi ò bẹ̀ ọ́. Mi ò ní kí o búra. Ìwọ fúnra rẹ lo gbé ọwọ́ lé mi léjìká, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ọwọ́ tèmi ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí lókè."

Ọwọ́ rẹ dà?

Mo ní ọwọ́ rẹ dà! Èyí tí o fi ń nu òógùn yìí, ṣé òun náà ni?

Tí ó bá jẹ́ pé o ò mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ni, màá ní àìmọ̀ ni. Ṣùgbọ́n o mọ̀. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ni mo ti lo ìgbésí ayé mi, o ti wá pàdé mi níbẹ̀ láìmọye ìgbà, o mọ bí òórùn ibẹ̀ ṣe ń rí. Aṣọ ibùsùn tí ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀, aṣọ tí wọ́n fi bo òkú, aṣọ ọmọ jòjòló, gbogbo rẹ̀ ń wọlé gbárajọ láràárọ̀, àwa là ń tú u, àwa là ń fọ̀ ọ́, oògùn tí ń sọ aṣọ di funfun ń jẹ wá níka títí èékánná fi ń ṣí. Wò ó. Wò ó dáadáa, má gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Gbogbo oṣù tí Ọlọ́run dá ni wọ́n ń yọ nínú owó wa, wọ́n ní ti ọ̀la ni. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. A da omi náà! A dà á títí apá wa fi ro. Ọ̀la wá dé, a bọ́ síbẹ̀ láìwọ bàtà, ilẹ̀ ń jó wa lẹ́sẹ̀, wọ́n ní omi ti tán, wọ́n ní àwọn tó ń fẹ̀yìntì ti pọ̀ jù, wọ́n ní a ò tètè kú mọ́. Wọ́n gé owó náà, wọ́n tún un gé. Ìgbà tí wọ́n gé e kẹ́yìn, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi di ohun tí mò ń lò lọ́jọ́ kan tí mò ń fo ọjọ́ kejì. Mi ò sọ fún ọ. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń tọrọ. Mo ní òfin ń bọ̀, àbúrò mi wà níbẹ̀.

Mo sì gbé ọ̀rọ̀ rẹ lọ sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ wa, àwa òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì ilé ìwòsàn. Èmi òmùgọ̀. Mo ní ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rù, mo bá a sọ̀rọ̀, ó ní ọwọ́ òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí.

Ọjọ́ ìdìbò dé, gbogbo wa kóra jọ síbẹ̀ láti wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n. O mọ gbọ̀ngàn náà, yàrá gbọọrọ ẹ̀yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Wọ́n lọ yá àga kún àga lọ́wọ́ onígbàjámọ̀. Ọ̀rẹ́ mi tó ń se oúnjẹ ní ilé ìwòsàn nígbà náà, èyí tí à ń pè ní Ìyá Ìdáná, ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbálẹ̀, tó nu ojú tẹlifíṣọ̀n, tó sì ní èmi ni màá jókòó níwájú, nítorí pé ọmọ mi ló ń lọ jà fún wa. Ọmọ mi ló pè ọ́. Mi ò tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Baba Oníná náà wá. Ṣé o ṣì mọ Baba Oníná? Òun ló ń tọ́jú ìkòkò irin ràgàjì tó ń mú omi gbóná fún ilé ìwòsàn látòkè délẹ̀. Tí kò bá sí i, aṣọ kan ò lè mọ́. Ó fẹ̀yìntì ṣáájú mi, ó yẹ kó ti máa jókòó sábẹ́ igi kó máa na àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lẹ́gba. Ṣùgbọ́n níbo ló wà? Ẹnu géètì Baba Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà, ó wọ yúnífọ́ọ̀mù tó tóbi jù ú, ó ń ṣí géètì, ó ń ti géètì, orúnkún rẹ̀ ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò ní epo. Ó lọ tọrọ àyè ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ kó lè wá wo àbúrò mi.

Baba Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọkùnrin tó ni gbogbo ilé gíga láti ìkóríta títí dé etí odò! Jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ níbẹ̀ ná. Màá padà sórí rẹ̀.

A wò ó. A gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n sọ. Èyí tó kọ́kọ́ dìde ní tí ẹ bá fi owó-orí kún ti àwọn ọlọ́rọ̀, wọ́n á kó ọrọ̀ wọn, wọ́n á sá lọ sí ìlú mìíràn. Ìyá Ìdáná ní ṣé wọ́n máa ru àwọn ilé alájà yẹn ni, kí wọ́n tètè dá òṣùká. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni obìnrin aṣòfin tó ti ṣe olùkọ́ rí dìde, ó fara balẹ̀ sọ ọ́, ó ní àwọn tí ẹ ń bẹ̀rù pé wọ́n máa sá yìí, ta ló fọ aṣọ tí wọ́n fi gbẹ̀bí àwọn òṣìṣẹ́ wọn, ta ló la ọ̀nà dé ẹnu géètì wọn? Kò pariwo. Mo rí Baba Oníná tó ń mi orí. Bàbá arúgbó kan nínú yín náà wá dìde, ó ní òun ò fara mọ́ ọn, ó ní òfin yìí á bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́rọ̀, á parí sọ́dọ̀ opó tí ọkọ rẹ̀ fi ilé kan ṣoṣo sílẹ̀ fún. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀, ó dúró, ó ní rárá, ó sì jókòó. Ọ̀tá mi ni bàbá yẹn. Ṣùgbọ́n tí mo bá pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà lọ́la, mo lè kí i, nítorí mo mọ ẹni tí mò ń kí.

Wọ́n wá pe orúkọ rẹ.

Ìyá Ìdáná di ọwọ́ mi mú. Wọ́n tún un pè. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán wá yíjú sí àyè rẹ, kóòtù rẹ ló jókòó síbẹ̀. Kóòtù! Èyí tó ní àwọ̀ eérú yẹn, tí èmi fúnra mi bá ọ lọ̀ lọ́jọ́ Àìkú yẹn, tí mo wọ́n omi sí kọ́là rẹ̀ kó lè dúró dáadáa. Ó sì dúró! Ó dúró ṣánṣán lórí ẹ̀yìn àga bí èèyàn gidi, orí nìkan ló kù fún un. Mo mọ ìlà tí mo fi áyọ́ọ̀nù fà lára apá rẹ̀ láti ibi tí mo jókòó sí. Wọ́n pè ọ́ nígbà kẹta, wọ́n ní kò sí níjòókòó, wọ́n kọjá lọ.

Ìbò díẹ̀ báyìí la fi ṣubú. Má sọ fún mi pé ìbò tìrẹ nìkan ò lè gbé e dìde. Mo mọ̀. Àwọn mìíràn náà jáde, wọ́n ní ìpè fóònù, wọ́n ní àlejò. Àwọn yẹn, ẹ̀gbọ́n tiwọn ni kó bi wọ́n.

Ṣé o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n náà? Kò sẹ́ni tó pariwo. Ká ní wọ́n pariwo ni, ì bá sàn. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ìwé àwọn aláìsàn nígbà yẹn, tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa ọ̀rọ̀, ló yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ bi ìyá yẹn. Ó mọ̀. Ilẹ̀ tiẹ̀ ò ní gbẹ, àbúrò rẹ̀ á máa bu omi fún un." Àwọn èèyàn ń wò mí. Àwọn tí a jọ gbé agbọ̀n aṣọ, tí a jọ jẹun nínú abọ́ kan! Baba Oníná ló dìde, ó fọwọ́ ti orúnkún, ó ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, ó ní wọn ò pe orúkọ tèmi nínú ilé ìgbìmọ̀. Lẹ́yìn náà ló mú fìlà iṣẹ́ rẹ̀, ó ní òun ń padà sẹ́nu géètì. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ẹni tí o ṣẹ̀ ló ń gbèjà mi nítorí rẹ.

Kí lèmi sì ń rò ní gbogbo àkókò yẹn? Mo rò pé o ti dákú ni. Mo fi orí mi búra, bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Mo ní ọmọ yìí ò lè jẹ́ kí kóòtù nìkan dá jókòó bí nǹkan ò bá ṣe é. Mo sáré délé, mo gbé ọbẹ̀ kaná, mo dà á sínú fúláàsì, mo wọ ọkọ̀ èrò méjì dé ilé rẹ, mo gbé fúláàsì náà sáyà bí ẹni gbé ọmọ tuntun, kó má bàa tutù.

Ìyàwó rẹ ló ṣílẹ̀kùn. Bó ṣe rí mi ni ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n lọ sọ fún wọn pé ẹ wà níbí." Mo ní kí lo fẹ́ sọ fún un, ṣé kò lè dìde ni? Mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ilẹ̀kùn pálọ̀ ò tì tán.

Ahá. O ò mọ̀ pé mo dé ibẹ̀, àbí? Ìyàwó rẹ ò sọ fún ọ. Ó dáa, ó gbọ́n, mi ò bá a jà. Gbé ojú rẹ sókè.

O jókòó sórí sọ́fà, o ti bọ́ bàtà, o ká ẹsẹ̀ kan sábẹ́, ara rẹ dá ṣáṣá. Ta ló jókòó tì ọ́? Èmi ni mo ní màá padà sórí rẹ̀. Baba Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, òun àti ikùn rẹ̀. Ó ń fọwọ́ gbá ọ lórúnkún, ó ní, "O ṣe é bí ọmọlúàbí. O ò bá mi jà, o ò sì bá ẹ̀gbọ́n rẹ jà." O rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn gan-an ni mi ò lè gbàgbé, ẹ̀rín tí o máa ń rín ní kékeré tí o bá ti fi ẹ̀bi rẹ lé ẹlòmíràn lọ́rùn tí wọ́n sì ti na onítọ̀hún. Mi ò wọlé. Mo gbé fúláàsì náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà ọkùnrin yẹn, mo yí padà. Ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà, mi ò mọ ẹni tó jókòó tì mí.

Kí ni o wí? Sọ ọ́ sókè.

O ní tìtorí mi ni? O ní o ò lè gbé ọwọ́ sókè torí pé ọkùnrin yẹn ló dúró tì ọ́ nígbà tí o fẹ́ wọ ilé ìgbìmọ̀, o ò sì lè sọ pé rárá torí tèmi, ni o ṣe jáde? Ọmọ ìyá mi! Ṣé oore nìyẹn? Ká ní o ti dìde, o wo ojú ayé, o ní rárá, èmi ò fún ẹ̀gbọ́n mi, ǹ bá sunkún, ǹ bá bú ọ, ṣùgbọ́n ǹ bá mọ̀ pé ọkùnrin ni ìyá mi bí. Ìwọ wá fẹ́ kí n dúpẹ́ pé ẹ̀yìn ilẹ̀kùn lo ti tà mí.

O tún ń sọ ti iṣẹ́. O ní tí wọ́n bá gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, yóò dá àwọn òṣìṣẹ́ dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ wo? Baba Oníná? Ọkùnrin tí a sọ di arúgbó ẹnu géètì nítorí pé àpò ìfẹ̀yìntì gbẹ, òun náà lẹ tún ń fi ṣe ìdí tí àpò náà ò fi gbọ́dọ̀ kún? Ẹ ní kí ọ̀bẹ gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ọ̀bẹ ní òun ò lè gbẹ́ ẹ, ẹ sì ń bẹ ọ̀bẹ pé kó má bínú.

Má fọwọ́ bọ àpò! Mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ń lọ látìgbà tí o ti wọlé. O fẹ́ máa fún mi lóṣooṣù láti inú àpò ara rẹ. O ní ohun tí òfin ò fún mi, ìwọ á fún mi, kódà yóò jù ú lọ. Ìyá Ìdáná ńkọ́? Ṣé o máa sọ gbogbo wa di ẹ̀gbọ́n rẹ? Lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ bá sì ní owó ilé ò tó, ṣé èmi ni màá wá dúró sẹ́nu ọ̀nà yín, tí màá máa wúkọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé mo dé? Gbọ́ mi dáadáa. Àánú máa ń rẹ ẹni tó ń ṣe é. Mi ò wá àánú. Ohun tí mo fi ìka mi fọ̀ ni mò ń bèèrè, mo sì fẹ́ gbà á lórí ìlà, láàárín àwọn ẹgbẹ́ mi, kí n bú akọ̀wé tó bá pẹ́, kí n mú un lọ sílé láì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mi ò ní ka ohun tí mo ṣe fún ọ. Ẹni tó bá ń ka oore, ọjà ló ń tà. Mi ò sì ní ṣépè, ọmú kan náà la mu, èpè tí mo bá ṣẹ́ fún ọ á bà mí lórúkọ jẹ́ níwájú ìyá wa.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. O ní lẹ́yìn ìsinmi yín, obìnrin olùkọ́ yẹn máa tún àbá náà gbé wá. Ó dáa. Mi ò ní kí o ṣèlérí fún mi, mo ti jẹ ìlérí yó. Ìpàdé ẹgbẹ́ wa ni lónìí. Wọ́n ti wà níbẹ̀ báyìí, gbogbo wọn, àfi ẹnì kan. Dìde. O máa tẹ̀ lé mi lọ síbẹ̀, o máa dúró níwájú wọn, o máa fi ẹnu ara rẹ sọ ibi tí o wà nígbà tí wọ́n pè ọ́ àti ẹni tó wá kí ọ lẹ́yìn náà. Tí wọ́n bá bú ọ, o máa gbà á. Tí wọ́n bá bi ọ́ pé kí lo máa ṣe nígbà tí ó bá tún dé, o máa dáhùn bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá. Mi ò ní bá ọ yàn nínú méjèèjì. Tí ó bá jẹ́ rárá, sọ rárá, kí n lè mọ bí n ó ṣe máa pè ọ́ láti òní lọ.

Kí lo fẹ́ fi mọ́tò ṣe? Kì í ṣe ibi tó jìnnà. Ẹsẹ̀ la máa fi rìn, a sì máa gba ẹnu géètì Baba Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì kọjá, Baba Oníná wà lẹ́nu iṣẹ́, wọn ò fún un láyè lónìí. Ìwọ ni o máa kọ́kọ́ kí i. Má sọ fún mi pé o máa ránṣẹ́, o ò lẹ́ni tí o máa rán sí òun tàbí sí ẹgbẹ́ wa. Wọ bàtà rẹ. Bọ́ síwájú, mò ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ, nítorí lónìí yìí, tí o bá fẹ́ sá, ara tèmi yìí ni o máa là kọjá.